Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ọmọ

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín kò tíì pé ọdún méjì, pé dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ara rẹ̀ kò gba ẹyin àti ẹ̀pà, pé ẹ kò rí oorun sùn mọ́, ẹ sì ń ronú ohun tí ẹ jẹ nígbà tí ẹ lóyún. Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á. Àwọn ọmọ ogun ara ọmọ náà ló ṣèèṣì mú purotéènì inú oúnjẹ ní ọ̀tá.

Oṣù 14 ni tèmi wà nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé mílíìkì àti ẹ̀pà ni tirẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gba bisikíìtì lọ́wọ́ ọmọ mìíràn jẹ. Ètè rẹ̀ wú, ara rẹ̀ sú, ó ń bì. Abẹ́rẹ́ adrenaline, èyí tí òògùn ti wà nínú rẹ̀ tí òbí lè tẹ̀ mọ́ itan ọmọ fúnra rẹ̀ nígbà tí ara bá kọ oúnjẹ, wà nínú àpò mi. Omi òògùn ara yíyún ni mo fún un, mo jókòó tì í, mo ń wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ náà ló ń bà mí. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ há ni mo tó gún un, kò sì pẹ́ tí mo fi gbọ́ ẹkún rẹ̀ ketekete. Omi òògùn yẹn lè rọ ara yíyún, àmọ́ kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí.

Nítorí náà, tó bá ti jẹ nǹkan, tí ara rẹ̀ sú tó sì tún ń bì, tàbí tí èémí tàbí ohùn rẹ̀ yí padà, ẹ gún un. Ẹ̀gbẹ́ itan lóde, láàárín; ẹ kò ní láti bọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, àyàfi tí kò bá lè mí dáadáa, kó jókòó nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Tí kò bá dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15, ẹ lo ìkejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé méjì kiri. Bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ ti yá, ilé ìwòsàn ni ẹ ń lọ, torí ó lè padà dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ìyá ọkọ yín tó ní ẹ ń ṣe àṣejù, ẹ má bá wọn jiyàn. Nígbà tí méjì nínú abẹ́rẹ́ wa kọjá ọjọ́ lílò, mo gbé ọsàn sórí tábìlì, mo gún ọ̀kan, mo gbé ìkejì fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dún “kà”, wọ́n rí bí ṣóńṣó rẹ̀ ṣe gùn tó. Láti ọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń béèrè pé, “Àpò ọmọ dà?”

Ní ti oúnjẹ, ẹ máa ka ara páálí nígbàkúùgbà tí ẹ bá rà á, kódà èyí tí ẹ ti rà lánàá, torí ilé iṣẹ́ máa ń yí ohun tí wọ́n ń pò pọ̀ padà. “Casein” àti “whey”, mílíìkì ni. “Albumin”, ẹyin ni. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́; ohun olómi tí wọ́n ń fi pa kòkòrò kì í ṣí ẹ̀pà kúrò lára ọwọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà kọjá ti ẹyin àti mílíìkì. Kí ọmọ dàgbà kọjá ti ẹ̀pà ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mílíìkì ti kúrò lára tèmi ní ọmọ ọdún 5, ilé ìwòsàn la ti dán an wò, lójú dókítà. Ẹ̀pà ṣì wà. Àpò kékeré náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń fà á kọ́ èjìká láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé.