Ìdáhùn fún àbúrò tó ń béèrè àtùpà tó ń ṣẹ́jú nítorí kìnnìún

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o gba ilẹ̀ ní ìhà Kàyámà, kò jìnnà sí igbó Kàìnjí, o kó màlúù mẹ́jọ àti àgùntàn pẹ̀lú ewúrẹ́ bí ogójì síbẹ̀, àwọn ará abúlé sì ní àwọn ń gbọ́ ohùn kìnnìún lóru. O wá fẹ́ mọ iye àtùpà sólà tó ń ṣẹ́jú tí wàá rà, àti bóyá inú ọgbà ẹran ni kí o so ó sí tàbí ìta. Màá dé ibẹ̀. Má bínú pé mò ń pè ọ́ ní àbúrò, o ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ọ́, èmi ọmọ Ṣakí tí mò ń kọ̀wé yìí ti lé ní ọgọ́ta.

Ní 2016, àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà, ní ìhà Tanguiéta, mò ń ra àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà. Èrè tí mo jẹ, mo fi ra màlúù mọ́kànlá. Fúlàní kan àti àbúrò rẹ̀ ń bá mi dà wọ́n. Igbó Pendjari ò jìnnà sí wa. Igi ẹlẹ́gùn-ún la gé tí a tò yíká, òun ni ọgbà ẹran wa, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Mo ra àtùpà sólà mẹ́rin kọ́ sára igi. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Oṣù kẹjọ ni, òjò ti rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, kò sí òṣùpá. Ajá wa gbó lẹ́ẹ̀kan, kò gbó mọ́. Ìyẹn ló jí mi. Mo gbọ́ tí àwọn màlúù ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, gbogbo wọn ń rọ́ lọ sí igun kan ṣoṣo, wọ́n ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Kò sí bíbú ramúramù kankan o. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí: kìnnìún náà kò wọ ọgbà wa rárá. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ ló lọ dúró sí, kí òórùn rẹ̀ lè bá wọn. Àwọn màlúù mi fúnra wọn ló fi àyà fọ́ ẹ̀gún náà, wọ́n tú jáde sínú òkùnkùn, àwọn kìnnìún yòókù sì ti ń dúró dè wọ́n níta. Mo gbọ́ igbe abo màlúù kan, kò pẹ́, ó ṣe bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bo lẹ́nu. Àbúrò darandaran yẹn gbé tọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ jáde. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Aṣọ náà fà ya mọ́ mi lọ́wọ́, ó wó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó lé e lórí. Bí aṣọ yẹn bá nípọn díẹ̀ sí i ni, n kò mọ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Nígbà tí ojú mọ́, méjì ti kú: abo tó lóyún oṣù márùn-ún, àti akọ pupa tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀kẹta padà wá fúnra rẹ̀, itan rẹ̀ ti ya, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kú. A wá àwọn yòókù fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, a ò rí ọ̀kan títí di òní. Àtùpà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń tàn lórí igi, kò sí èyí tó bàjẹ́.

Nítorí náà, odi amọ̀ ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Kí ó ga ju ibi tí ọwọ́ ọkùnrin gíga lè nà dé lọ, kí màlúù má rí ìta, kí ẹni tó wà níta má sì rí màlúù. Bí wọn ò bá rí i, ẹ̀rù wọn á mọ níwọ̀n, bí ẹ̀rù bá sì bà wọ́n, odi kì í ṣe ẹ̀gún tí wọ́n á fọ́. Bí a ṣe ń mọ odi, o mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ìyẹn yọ ọ́ lẹ́nu. Ilẹ̀kùn ni kí o ṣọ́. Mo mọ odi tó dára lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo wá fi páànù àlòkù ṣe ilẹ̀kùn, ìkookò sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ti ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ ní òrùlé, torí ẹkùn ń gun nǹkan bí ológbò.

Ní ti àwọn ọ́fíìsì, inú ṣì ń bí mi. Mo lọ sí ọ̀kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní fọ́tò dà? N kò yà á, a ti sin òkú ẹran nítorí òórùn. Ó ní ta ló sọ pé kìnnìún ni, ṣé kì í ṣe ìkookò? Ó ní kí n mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn màlúù wá, bí ẹni pé àìsàn ló pa wọ́n. Ìgbà kẹta tí mo lọ, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sí Kútọnu. Lẹ́yìn oṣù kan àtààbọ̀, ọ̀mọ̀wé kan dé pẹ̀lú fìlà àti kámẹ́rà, ó kọ̀wé fún wákàtí méjì, ó wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá ajá sìn. Ajá! Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ ńkọ́?

Nítorí wọn ni mo ṣe ń sọ fún ọ pé kí o má fọwọ́ kan nǹkan kan kí o tó ya fọ́tò. Fi owó kọ́ìnsì sí ẹ̀gbẹ́ ipa ẹsẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Èékánná kìnnìún àti ẹkùn kì í hàn nínú ipa ẹsẹ̀ wọn, ti ìkookò máa ń hàn. Kìnnìún sábà máa ń di ọ̀fun mú títí ẹran á fi kú. Ìkookò ní tirẹ̀ máa ń fa ẹran ya láàyè, ó sì ń rún egungun. Pe baálẹ̀ kí ó wá wò ó kí o tó lọ sí ọ́fíìsì kankan.

Ẹnì kan tó dáhùn ṣáájú mi ní kí o fi oògùn kòkòrò oko sínú òkú ẹran. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Wọ́n ṣe é ní abúlé kejì sí wa. Ajá mẹ́ta kú, àwọn igún sùn sílẹ̀ bí ewé, kò sí ẹni tó rí òkú kìnnìún. Ní Kẹ́ńyà náà, oògùn oko tí wọ́n ń pè ní carbofuran ti pa kìnnìún púpọ̀, ó sì pa igún mọ́ ọn. Ìwọ náà wò ó, nígbà wo lo rí igún gbẹ̀yìn? Àwọn tó ń wá ẹran ọ̀fẹ́ sì wà, wọ́n lè gé nínú rẹ̀ lọ sílé.

Bàbá ìyàwó rẹ tó ní kí o pe ọdẹ, bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kàìnjí àti Yankari nìkan ni kìnnìún ṣẹ́kù sí ní Nàìjíríà, gbogbo wọn ò pé 50. Ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bí 400 ni, ìhà Pendjari tí mo ti jìyà sì ni èyí tó pọ̀ jù wà. Òfin ò gbà pé kí a pa wọ́n, èyí tí ìbọn bà tí kò kú sì burú ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lọ.

Ó tún ku ti ahéré. O ní ọmọ iṣẹ́ rẹ ń sùn sóko láti ṣọ́ àgbàdo. Ní Tàǹsáníà, kìnnìún pa ènìyàn tó lé ní 560 láàárín 1990 sí 2004. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń wá jẹ irè oko ló ń fa kìnnìún wá, àwọn tó sùn sí ahéré láti lé ẹlẹ́dẹ̀ náà ló wá ń bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú ló burú jù, nígbà tí òkùnkùn bá ti ṣú kí òṣùpá tó yọ. Bí ó bá gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀, kí ilé náà ní ògiri àti ilẹ̀kùn. Bí ó bá sì bá kìnnìún pàdé lójúkojú, kí ó má sáré. Kí ó kọjú sí i, kí ó gbé apá sókè, kí ó pariwo, kí ó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ti ọ̀sán, mo gbọ́ èyí tó wù mí. Ní Bòtswánà, àwọn olùwádìí kun ojú méjì sí ìdí màlúù fún ọdún mẹ́rin. Nínú 683 tí wọ́n kun ojú fún, kìnnìún àti ẹkùn kò pa ọ̀kan. Nínú 835 tí wọn ò kùn ní nǹkan kan, wọ́n pa 15. Ẹranko tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀ máa ń rò pé wọ́n ti rí òun. Ọ̀dà ò wọ́n jù, ṣùgbọ́n lóru, odi ni.

Àtùpà rẹ wá. Ọmọkùnrin Máásáì kan ní Kẹ́ńyà, Richard Turere, ló ṣe irú rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọdé. Ó jọ pé ènìyàn ń gbé tọ́ọ̀ṣì rìn káàkiri, òun ló ń lé kìnnìún. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo gbé e kalẹ̀ sí ojú kan bíi iná ilé, kò ṣẹ́jú, n kò sì ṣí i nípò rí. Orí odi ni kí o so ó sí, kí ojú rẹ̀ kọ igbó, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ara wọn. Máa pààrọ̀ àyè wọn ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì kí ó má baà mọ́ wọn lójú. Nígbà ọyẹ́, máa nu eruku orí sólà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní mú iná tó ilẹ̀ mọ́.

Láti 2019 tí àwọn oníbọn ti wọ igbó Pendjari, n kò padà síbẹ̀ mọ́, nítorí náà béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Kàyámà kí o tó máa rìn lóru ní tìrẹ. Omi tí màlúù rẹ ń mu ńkọ́? O ò sọ bó ṣe jìnnà tó, àti aago mélòó ni wọ́n máa ń padà dé.