Tony Hawk àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe: èwo ni kí n rà, kí ló dé tí ọmọ ń ṣubú ṣáá?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Manchester ni mo ń gbé. Ẹ ó rántí géèmù Tony Hawk, ti gígun pákó onítáyà (skateboard), tí a máa ń gbá lórí PlayStation àkọ́kọ́ n'Ílọrin. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti rí èyí tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ká jọ máa gbá a. Oríṣiríṣi ni mo ń rí lórí igbá. Èwo gan-an ni kí n rà, kí ló sì yàtọ̀ sí tàtijọ́? Bó ṣe ń gbá a nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń ṣubú ṣáá ni, póìǹtì rẹ̀ kò lọ sókè. A ó gbé PS4 wa lọ sílé ní Disẹ́ńbà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á fẹ́ bá a gbá a, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn

Bàbá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ìyá ìbejì ni o, ọmọ Ọ̀ffà tó wà ní Toronto.

Tony Hawk's Pro Skater 1 + 2 ni kẹ́ ẹ rà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ló jáde fún PS4, Xbox One àti kọ̀ǹpútà. Géèmù méjì ló wà nínú rẹ̀, ti 1999 àti ti 2000 tí Neversoft ṣe. Vicarious Visions tó tún un ṣe pa àwòrán dà pátápátá, ṣùgbọ́n bí pákó ṣe ń yí, bó ṣe ń fò tó sì ń balẹ̀, tàtijọ́ náà ni. Ìyẹn gan-an ló fi dáa. Bẹ́ ẹ bá rí Pro Skater HD ti 2012 tàbí Pro Skater 5 ti 2015 tó pọ́ọ́kú, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ tó bá ti mọ tàtijọ́ kò ní gbádùn ìkankan nínú wọn. 3 + 4, ìyẹn apá kẹta àti ìkẹrin tí wọ́n tún ṣe, náà ti jáde ní 2025, àmọ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Apá kẹrin àtijọ́ kì í ka ìṣẹ́jú síni lọ́rùn, wọ́n wá rọ́ ọ sínú ìṣẹ́jú méjì bíi tàwọn yòókù. Inú tèmi ò dùn sí i.

Ohun tó máa kọ́kọ́ rú yín lójú ni pé ọmọ á máa ṣe ohun tẹ́ ò ṣe rí ní Warehouse, ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń gun pákó nínú géèmù náà. Nínú ti 1999, kò sí manual, ìyẹn kéèyàn máa fi táyà méjì péré yí lọ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Apá kejì ló mú un dé. Revert, ìyẹn yíyí pákó po bó ṣe ń kanlẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, apá kẹta ti 2001 ló mú un wá. Èyí tuntun kó gbogbo rẹ̀ sínú géèmù méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tàtijọ́ pọ́ńbélé, ẹ wọ ibi ìṣètò, ẹ yan ìlànà bọ́tìnnì apá kìíní tàbí ti apá kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti apá kejì kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ rántí, lẹ́yìn náà ẹ padà sí tuntun.

Ọ̀rọ̀ póìǹtì: kì í ṣe àrà ńlá ló ń kó o jọ, síso àrà pọ̀ ni. Ká ní ó yí pákó ní 500, ó fi pákó yọ̀ lórí irin ní 300, ó tún yí i lọ́nà mìíràn ní 200. Bó bá balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,000 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 1,000 lọ́nà mẹ́ta ni, 3,000 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀ á máa gòkè bí àrà bá ṣe ń wọlé. Àmọ́ bó bá ṣubú kó tó parí, òdo ni, ọ̀pá special (èyí tó ń kún lójú tẹlifíṣọ̀n bí àrà bá ń wọlé) náà á sì gbẹ. Àrà kan náà tí ó bá ń tún ṣe á máa dínkù ní póìǹtì, nítorí náà kó má kàn máa tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

Kí ló ń gbé e ṣubú? Ẹ wo àtàǹpàkò rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ta bọ́tìnnì X gbọn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ lẹni inú géèmù tó ń fò. Kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹni náà á lóṣòó, eré á pọ̀ sí i, kó wá jù ú sílẹ̀ létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bọ́tìnnì róbótó tí wọ́n fi ń di pákó mú, bó bá ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀, ilẹ̀ ló máa fi àyà gbá. Onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń yí pákó, kó má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́. Bó bá ń yí ara po lófuurufú, kó jáwọ́ kó tó dé ilẹ̀. Pákó tó bá balẹ̀ ní ìbú kò lè yí lọ. Kó sì fi bọ́tìnnì ọlọ́fà orí pádì gbá a dípò igi róbótó tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí (analog stick). Manual jẹ́ òkè-ìsàlẹ̀ kíákíá, igi róbótó sì máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ pé ọmọ mọ̀.

Free Skate ni kó ti kọ́ ọ, níbi tí aago kò ti ń lé e. Kó kọ́kọ́ máa ṣe manual lásán lórí ilẹ̀. Bí àmì ìwọ̀ntúnwọ̀nsì bá lọ sókè, kó ta ìsàlẹ̀ díẹ̀, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lórí irin, òsì àti ọ̀tún ni ti ìyẹn. Bó bá ti lè dúró, kó so ó: yí pákó, òkè-ìsàlẹ̀ kó tó balẹ̀, manual, X, yí pákó mìíràn. Revert ló gbẹ̀yìn. Bí táyà bá ṣe kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó tẹ bọ́tìnnì R2, kó sì ta òkè-ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kó ta òkè-ìsàlẹ̀ kí R2 tó wọlé. Ibẹ̀ ni okùn ti ń já.

Géèmù náà ní ìrànlọ́wọ́ tẹ́ ẹ lè tan: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì pípé lórí irin tàbí nínú manual, àti èyí tí kò ní jẹ́ kó ṣubú rárá. Ti manual nìkan ni kẹ́ ẹ tan fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àìṣubú rárá yẹn kì í jẹ́ kí ọwọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáwọ́. Ẹ tan Game Mode lórí tẹlifíṣọ̀n náà, torí bí àwòrán bá ń pẹ́ kó tó tẹ̀lé ọwọ́, kò sẹ́ni tó lè di manual mú. Bẹ́ ẹ bá sì débi yíyan ẹni tí yóò gun pákó, ẹ fi Kareem Campbell hàn án: aláwọ̀ dúdú tó ti wà níbẹ̀ láti 1999. Àwọn orin ibẹ̀ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa gbé sókè níwájú ìyá àgbà. Ẹ lè pa ohùn orin kí ẹ fi ìró táyà sílẹ̀.

Ó di ti ilé. Pulọ́ọ̀gì UK bá ti Nàìjíríà mu, PS4 sì ń gba 100 sí 240V, ẹ ò nílò tiransifọ́mà. Ewu ibẹ̀ ni kí iná lọ nígbà tí àmì ìfipamọ́ bá ń tàn lójú, ó lè ba fáìlì jẹ́. Ẹ so ó mọ́ ìnfátà tàbí UPS, kẹ́ ẹ sì fi sitabiláísà sí i bó bá jẹ́ gẹ́ẹ̀nì kékeré lẹ fẹ́ lò. Ẹ má fi PS4 sí Rest Mode lóru. Ẹ pa á pátápátá.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ra géèmù náà, láti Manchester ni kẹ́ ẹ ti wọ Settings, Account Management, Activate as Your Primary PS4. Ẹ wá pa íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ gbìyànjú kó ṣí. Bí kò bá ṣí níbẹ̀, kò ní ṣí l'Ómù-Àrán. Bó bá jẹ́ disiki, ẹ fi sínú rẹ̀ kó kó ara rẹ̀ sórí PS4 tán, kẹ́ ẹ gba gbogbo àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó di ẹrù, torí dátà ilé kò ní tó irú iṣẹ́ yẹn.

Pádì méjì lẹ máa nílò fáwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Géèmù náà ń pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì, ẹni méjì péré ló lè gbá a pọ̀. Àwọn tó kù á máa dúró de tiwọn. Ẹ mú wáyà pádì méjèèjì dání.