Tundra Tòkúnbọ̀ fún Iṣẹ́ Oko: Ṣé Ó Lè Bá Wa Dé Ọdún Mẹ́wàá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹ́káníìkì. Èmi àti ọkọ mi ń sin adìẹ ní ìtòsí Ìwó. A máa ń gbé ẹyin lọ Ìbàdàn àti Èkó, a sì máa ń kó oúnjẹ adìẹ bọ̀. Bọ́ọ̀sì wa ti gbó. Ẹnìkan fẹ́ ta pikọ́ọ̀pù Toyota Tundra tòkúnbọ̀ fún wa, ti ọdún 2010, ẹ́ńjìnnì 5.7, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Máìlì 168,000 ló wà lójú mítà rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká ra Ford F-150 ti 2006, torí owó rẹ̀ kéré sí i dáadáa. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston ní ká ní sùúrù, òun á wá Tundra ti 2022 ránṣẹ́ sí wa. A fẹ́ ọkọ̀ tí yóò bá wa débi ọdún mẹ́wàá. Èwo ni ká mú? Èmi ni, Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìwó.

ÌDÁHÙN: Ajé á wọgbá o, mà. Kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí: ẹ ra Tundra 2010 yẹn, bí irin abẹ́ rẹ̀ bá yè kooro, tí ẹ bá sì ní ẹrù tó pọ̀ tó láti máa san owó epo rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti yẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn tó ra irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n wá ń kábàámọ̀, ọkọ̀ kọ́ ló já ọ̀pọ̀ nínú wọn kulẹ̀. Epo àti táyà ló lé wọn sá.

Ẹ́ńjìnnì yẹn, V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ni, 3UR-FE ni orúkọ rẹ̀. Òun kan náà ló wà nínú Sequoia, nínú Land Cruiser 200 ti Amẹ́ríkà àti nínú Lexus LX570 tí àwọn olówó ń gùn káàkiri Èkó. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju agbára ẹṣin 381 tí àwọn oníbàárà máa ń fi yangàn lọ, torí ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí ni ẹ̀yà ara rẹ̀ máa ń wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ó rí i rà ní Ládípọ̀, ẹ ó rí i ní Gate n'Ìbàdàn, kò sì ní di pé ẹ ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ṣéènì ló ń yí inú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì. Àwọn Tundra oní-4.7 ti 2009 sẹ́yìn ni wọ́n ń lo bẹ́líìtì, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ní gbogbo máìlì 90,000.

Máìlì 168,000 yẹn ò ní lé mi. Ọkùnrin kan wà ní Louisiana, Victor Sheppard, tó fi Tundra 2007 rìn kọjá mílíọ̀nù máìlì kan lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà tó bá ọkọ̀ náà wá. Ní 2016, Toyota gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ tú u wò, wọ́n sì fún un ní tuntun. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ fẹ́ràn ìtàn yìí bí ẹni fẹ́ràn àmàlà. Èyí tí wọn kì í fi kún un ni pé ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó dán ni ọkùnrin yẹn ń rìn jù, kì í sì í fi sẹ́fíìsì ṣeré. Ọ̀nà oko Ìwó nígbà òjò kì í ṣe ọ̀nà Louisiana. Bákan náà, mítà ṣeé yí padà. Mo máa ń wo bí pẹ́dà bírékì àti etí ìjókòó awakọ̀ ṣe jẹ tó kí n tó gba nọ́ńbà ojú mítà gbọ́.

Irin abẹ́ ni kí ẹ fi gbogbo ojú wò. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn máa ń ta sí abẹ́ ọkọ̀, á sì máa jẹ fíréèmù láti inú wá. Ó burú débi pé ní 2016 Toyota gbà láti parí ẹjọ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà lórí fíréèmù tó ń dípẹtà, Tundra 2007 àti 2008 sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí ẹjọ́ náà kàn. Ti 2010 tiyín kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í wo ọdún ọkọ̀. Ẹ béèrè ìlú tí wọ́n ti lò ó. Bí ìtàn VIN rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) bá sọ Texas, Georgia tàbí Florida, ara á tù mí díẹ̀. Bó bá sọ Michigan, New York tàbí Ohio, òòlù ni mo máa mú.

Òótọ́ ni mo ń sọ, òòlù. Kí mẹ́káníìkì yín wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú òòlù kékeré àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ni kó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí sípírìngì pẹlẹbẹ ti so mọ́ fíréèmù, kó sì dé òkè ibi tí sípíà táyà rọ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń há sí jù. Kó máa kan irin náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí iwájú. Èyí tó yè á dún kín-ín, kín-ín. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á dún pò, pò, èépá pupa á sì máa já lé e lójú. Bó bá rí ọ̀dà dúdú tó ń dán lábẹ́ ọkọ̀ ọdún 2010, kó fi ṣúkúdẹ́ráfà ha á wò. Kò sẹ́ni tó ń kun abẹ́ ọkọ̀ torí ẹwà.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí yóò fi tán. Bí omi bá ti bo ọkọ̀ náà rí, bí irú èyí tó bo Houston ní 2017, ìlà ẹrẹ̀ máa ń wà ní òpin bẹ́líìtì yẹn. Wọ́n á fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fín lọ́fínńdà sínú ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Bí abẹ́ bá ti yè, nǹkan mẹ́ta ni 5.7 máa ń ṣe bó bá dàgbà. Èkíní ni ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù èéfín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Fáàfù rẹ̀ máa ń há, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ọkọ̀ á sì kọ̀ láti sáré, ẹ ó rò pé gíà ló kú. Kì í ṣe gíà. Kí wọ́n fi skánà wò ó kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan. Bí kóòdù P2440 tàbí P2442 bá jáde, àwọn fáàfù yẹn ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ta gíà fún yín torí rẹ̀. Èkejì ni ọ́ìlì tó ń rọra yọ láti ibi tí orí ẹ́ńjìnnì ti pàdé àpótí káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù). Á máa kán sórí páìpù èéfín, ẹ ó sì máa gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó bí ẹ bá dúró. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ga, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n á tú gbogbo òkè ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń làágùn ni, èmi kì í tú u. Mo máa ń sọ fún oníbàárà kó máa wo ọ́ìlì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pọ́ọ̀ǹpù omi, òun ò le rárá: bí ẹ bá rí nǹkan bí iyọ̀ aláwọ̀ píǹkì tó gbẹ mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, ó ti ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbẹ́mìí ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó ń pa ọkọ̀ yìí ní Nàìjíríà ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ni sẹ́fíìsì àṣìṣe. Lítà méje àbọ̀ ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin méjì, á ṣẹ́ díẹ̀ kù. Mẹ́káníìkì tó bá ní kí ẹ ra kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ dágbére fún un. Ọ́ìlì 0W-20 ni ilé iṣẹ́ kọ sí i. Bí ojúlówó rẹ̀ bá ṣòro rí, 5W-30 tó dára ni mo máa ń dà sí ti àwọn oníbàárà mi. 20W-50 tí wọ́n ń bù láti inú dúrọ́ọ̀mù, kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Fílítà rẹ̀ wà nínú ilé kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i. Àwọn tí kò ní irinṣẹ́ yẹn máa ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbá a, ilé náà á sán, ọ́ìlì á máa kán látìgbà náà lọ, wọ́n á ní ọkọ̀ náà ló ti gbó. Ẹ ra irinṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ jù ú sínú ọkọ̀. Gíà rẹ̀ náà kò ní ọ̀pá ìwọ̀n, Toyota WS nìkan ló sì ń mu. Ọ́ìlì gíà pupa tí kálukú ń bù káàkiri kì í ṣe tirẹ̀.

Ó wá kan ẹrù. “Onílẹ̀kùn mẹ́rin” tí ẹ sọ, oríṣi méjì ló wà. Ẹ̀yìn Double Cab gùn tó mítà méjì. Ẹ̀yìn CrewMax kò ju mítà kan àti àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà lọ, torí wọ́n ti fi àyè yẹn fún àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Ẹlẹ́yin kò nílò CrewMax. Ẹ mú téèpù dání lọ wò ó.

Ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Lórí irú èyí, ó máa ń wà ní nǹkan bí kílò 700, èèyàn inú ọkọ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn. Bí ẹ̀yin àti awakọ̀ bá jẹ́ kílò 150, ó ku àpò oúnjẹ adìẹ oníkílò 25 méjìlélógún. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa di ogójì sí i, torí ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní mí kanlẹ̀. Sípírìngì, bírékì iwájú àti táyà ni yóò san gbèsè náà, táyà 275/65R18 kì í sì í ṣe táyà kékeré lápò ẹnikẹ́ni. Ní ti ẹyin, sípírìngì ẹ̀yìn yẹn le, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Bí kíréètì kò bá pọ̀ tó láti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ọkọ̀ náà á máa fò lórí kòtò, ẹ ó sì máa ka ẹyin tó fọ́. Ẹ tẹ́ fóòmù tó nípọn sísàlẹ̀, ẹ sì má fi ìdajì ẹrù rìn bí ẹ bá lè dúró dọ̀la.

Epo. Bí ọ̀nà bá dára, ó máa ń mu nǹkan bí lítà 16 ní gbogbo kìlómítà 100. Àlọ àti àbọ̀ láti Ìwó dé Èkó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 350, ìyẹn lítà 56, láìka ẹrù àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó mọ́ ọn. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan ní Ìwó lónìí sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi wé èrè kíréètì tí ẹ ń gbé lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, èèyàn lè máa fi V8 ṣe fàájì. Ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ìṣirò yẹn kò bá jáde pẹ̀lú ẹrù tó kún, a jẹ́ pé Hilux tàbí bọ́ọ̀sì mìíràn ló bá yín mu, mi ò sì ní bínú.

F-150 ti 2006 ńkọ́? Ẹ má rà á. Ford kọ́ ni mò ń bá jà. F-Series ni pikọ́ọ̀pù tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà láti 1977, àwọn oní-5.0 tó jáde láti 2011 sì dára. Ẹ́ńjìnnì 5.4 onífáàfù mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ti 2006 ń lò ni wàhálà. Plọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń já sínú orí ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, cam phaser rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń yí àkókò káàmù padà) sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lu ka-ka-ka bí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì bó bá gbóná. Ohun tí ẹ bá rí jẹ lórí owó rẹ̀, ẹ ó kó o fún mẹ́káníìkì.

Ti 2022 tí àbúrò ọkọ yín ń wò, V8 ti kúrò nínú rẹ̀, V6 3.4 oní-tọ́bò méjì ló kù. Ní May 2024, Toyota pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, Tundra 2022 àti 2023 wà nínú wọn, torí èérún irin tó lè ṣẹ́ kù sínú ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́, tó sì lè pa á lójú ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sẹ́ni tí yóò fún yín ní ẹ́ńjìnnì ọ̀fẹ́ ní Ìwó. Bí ó bá ṣì wù yín, kí àbúrò yín tẹ VIN rẹ̀ sórí nhtsa.gov, ìkànnì àjọ ààbò ọkọ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà, kó tó san kọ́bọ̀, kó sì gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti parí àtúnṣe náà. Láìsí ìwé yẹn, kó jẹ́ kó wà ní Houston.