Ẹ Fi Ojú Sílẹ̀ Ná, Ara Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ojú tí ẹ ń yà máa ń jọ ojú ènìyàn dáadáa, imú wà níbi tó yẹ kó wà, ẹnu ò wọ́, síbẹ̀ gbogbo ẹni tí ẹ bá yà ló ń dúró bí ère, a ò mọ èyí tí inú rẹ̀ dùn yàtọ̀ sí èyí tó ń sunkún. Ẹ tún béèrè irú pẹ́ńsù tó yẹ kí ẹ rà. Màá dé orí pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń dà yín láàmú.

Nínú àwòrán tí ẹ fi hàn wá, ó hàn gbangba pé ojú lẹ kọ́kọ́ yà, tí ẹ sì yà á parí pátápátá kí ẹ tó wá ọrùn tí ẹ máa gbé e lé. Ojú tó bá ti rẹwà báyẹn, ta ló láyà láti fi rọ́bà pa á rẹ́ torí pé èjìká ò bá a mu? Ara ló kù tó máa wá bá ojú lọ tipátipá. Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá tí mo ti ń yàwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé, èmi kì í fọwọ́ kan ojú títí ara á fi sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹ fi ìka bo orí ẹni tí ẹ yà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì pé báwo ni nǹkan ṣe rí fún onítọ̀hún. Bí kò bá lè sọ, kò tíì tó àkókò láti ya ojú.

Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ti àtàrí wá, á gba eegun ẹ̀yìn, á sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ tó gbé ara dúró, ó sì ń fi ibi tí gbogbo ara dojú kọ hàn. Ẹni tó ń bínú máa ń fi àyà sún síwájú. Ẹni tẹ́rù ń bà, ikùn rẹ̀ á wọlé, orí rẹ̀ á fà sẹ́yìn. Ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, ọrùn rẹ̀ á yọ síwájú, ìyókù á wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Láti èjìká tiyín ni kí ẹ ti máa mi ọwọ́ fa ìlà náà, torí pé bí ọrùn ọwọ́ nìkan bá ń ṣiṣẹ́, ìlà kékeré kékeré tó ń gbọ̀n lẹ máa rí. Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú àáyá 30 péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò ní sáyè láti ya ìka tàbí bọ́tìnnì, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn.

Lẹ́yìn ìlà yìí, ìwúwo ló kàn. Àwọn tí ẹ yà, ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi gbé ara dọ́gbadọ́gba. Ta ló ń dúró bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí sójà tí ọ̀gá rẹ̀ ń wò? Ẹni tó bá dúró lásán máa ń sinmi lé ẹsẹ̀ kan. Ìbàdí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yẹn á ga ju èkejì, èjìká ẹ̀gbẹ́ kan náà á rẹlẹ̀, orúnkún kejì á sì tẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n. Ère ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Acropolis Museum ní Athens, Kritios Boy ni wọ́n ń pè é, nǹkan bí ọdún 480 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ òsì ló fi gbé ara, ìbàdí òsì rẹ̀ sì gbé sókè díẹ̀. Ère gidi ni o, ó sì ní ẹ̀mí ju àwọn tí ẹ yà lọ! (Ẹ má bínú, eré ni.) Láti mọ̀ bóyá ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan gbé ara kò ní ṣubú, ẹ fa ìlà tó gún láti kòtò ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ sílẹ̀, ó yẹ kó bọ́ sí ìtòsí ọrùn ẹsẹ̀ yẹn. Bó bá bọ́ síbòmíì, ó ń ṣubú nìyẹn, àfi bó bá fara ti nǹkan tàbí tó ń sáré.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan: ọkùnrin tó ń gbọ́ ìròyìn burúkú lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán á sáré lọ ya ẹnu tó là sílẹ̀ àti omijé. Èmi, ìgúnpá ọwọ́ tó fi di fóònù mú ni mo máa kọ́kọ́ rò. Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà rẹ̀ pinpin, torí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá gún lọ́kàn máa ń kó ara jọ. Èjìká ẹ̀gbẹ́ yẹn á gòkè dé ìsàlẹ̀ etí, orí á sì tẹ̀ síhà fóònù. Ọwọ́ kejì ló lọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ó ń wá ẹ̀yìn àga láìwo ibẹ̀, orí ìka méjì péré ló sì tíì kan igi àga náà. Orúnkún ti ń yẹ̀. Ẹ ò tíì rí ojú rẹ̀, ẹ sì ti mọ̀ pé wọn kò pè é láti kí i kú oríire. Bí mo bá wá dé ojú, ìlà mélòó kan ti tó, mo tiẹ̀ lè pa ẹnu rẹ̀ dé.

Lójú fúnra rẹ̀, ìpéǹpéjú àti irun òkè ojú ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Bí ara bá balẹ̀, ìpéǹpéjú òkè máa ń bo ibi dúdú ẹyinjú díẹ̀. Bí funfun bá yọ lókè dúdú yẹn, ẹ̀rù tàbí ìyàlẹ́nu ti dé. Irun òkè ojú tí ìdí rẹ̀ níhà imú gòkè, ìbànújẹ́ ni. Bó bá wálẹ̀ tó sún mọ́ra, ìbínú ni. Ní 1862, dókítà ará Faransé kan, Guillaume Duchenne, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bó ṣe ń fi iná mànàmáná ta iṣan ojú jí. Ó rí i pé ẹ̀rín àtọkànwá máa ń fún iṣan tó yí ẹyinjú ká, nígbà tí ẹ̀rín àfipárín ń parí sórí ètè. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ya ẹ̀rín, ẹ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí ẹyinjú fara pamọ́ díẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ojú náà bá ara mu régérégé.

Ọwọ́ tí ẹ ń yà kéré jù. Ẹ gbé ọwọ́ lé ojú ara yín: láti àgbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Käthe Kollwitz, ayàwòrán ará Jámánì (1867–1945) kí ẹ rí bí ọwọ́ ńlá ṣe lè gbé ìbànújẹ́ ìyá. Ní ti fífi gígùn orí wọn gíga ara, ìlọ́po 7.5 ni fún àgbàlagbà, ó dáa kí ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa mú kí ẹni tí ẹ yà dà bí ẹni tó ń mí.

Bí ẹ bá rò pé ẹ ti ṣe tán, ẹ kun gbogbo ara ẹni náà ní dúdú lórí ìwé míì. Ọwọ́ tó wà níwájú àyà á pòórá. Ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín apá àti ìhà. Ẹ tún fi dígí wo àwòrán náà; ibi tó bá wọ́ á hàn kedere.

Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì ayé àtijọ́, ní kí ayàwòrán máa mú ìwé kékeré rìn, kó máa ya àwọn tó ń jà, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ̀rọ̀, kó sì máa wo bí odi ṣe ń fi ọwọ́ ṣàlàyé. Mo fara mọ́ ọn. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de nǹkan ló dára jù, torí pé ara máa ń gbàgbé ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń yà wọ́n o. Wọ́n á kàn nàró gbagidi ni.

Pẹ́ńsù wá: 2B kan, ìyẹn pẹ́ńsù tó rọ̀ tó sì dúdú díẹ̀, ti tó. Ṣùgbọ́n fún àwọn oníṣẹ́jú àáyá 30 yẹn, bírò àti ìwé tí kò wọ́n ni kí ẹ lò. Bírò kò ṣeé pa rẹ́, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí ẹ padà sídìí ojú.