Èló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tòkunbọ̀ tọ́ sí, nígbà tí ẹni méjì tó ni ín fẹ́ pín?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Ṣómólú lọ́dún 2012. Ọgbọọgba la dá owó jọ, a fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg GTO 52 aláwọ̀ méjì, èyí tó ń tẹ àwọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tòkunbọ̀, ní mílíọ̀nù 4.2 náírà. Ọ̀rẹ́ mi ń kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Kánádà báyìí, ó ní kí n san ìdajì tòun fóun, kí ẹ̀rọ di tèmi. Mo gbé résíìtì jáde. Ó ní résíìtì 2012 kọ́ la máa fi ṣe é, pé ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ lónìí á ná mílíọ̀nù 30. Akáńtáǹtì wa tún dá sí i, ó ní nínú ìwé, ẹ̀rọ náà ti di òfo láti 2022. Èwo ni ká mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó ba ọ̀rẹ́ ogún ọdún jẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú àníyàn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí ìwé yín ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tó gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹ̀rọ, tí owó lọ́yà sì jẹ ẹ̀rọ náà tán kí wọ́n tó pín in.

Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó parọ́. Kálukú ló ń dáhùn ìbéèrè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú résíìtì. Ní 2012, nǹkan bíi 160 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan. Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí 2024 yóò fi parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500. Dọ́là tàbí owó Yúróòpù ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ tó ń ti Jámánì bọ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè náírà lọ́hùn-ún. Mílíọ̀nù 4.2 ọjọ́ náà lé ní 26,000 dọ́là. Ìdajì tí ọ̀rẹ́ yín dá lé ní 13,000. Bí ẹ bá ka mílíọ̀nù 2.1 fún un, tí a sì ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,500, 1,400 dọ́là péré nìyẹn. Ẹ ò gbèrò láti rẹ́ ẹ jẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí résíìtì yẹn máa ṣe nìyẹn.

Ti akáńtáǹtì ò le. Ó pín owó tí ẹ fi ra ẹ̀rọ sí ọdún mẹ́wàá, ó ń yọ 420,000 lọ́dún, nígbà tó di 2022 kò kù ohunkóhun tí yóò yọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ìwé ti sin ṣì ń tẹ ìwé ìpè òkú àti kàlẹ́ńdà fún yín, ẹ sì ń gbowó lórí rẹ̀.

Ní ti mílíọ̀nù 30, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi ọ̀rẹ́ yín: ṣé iye tí ẹnì kan pè é ni, àbí iye tí ẹnì kan san? Ọ̀tọ̀ ni iye tí alágbàtà ń pè lórí fóònù, ọ̀tọ̀ ni iye tí ọwọ́ bá nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ. Èyí tí wọ́n tà gan-an ni àwa tó ń díyelé máa ń wá.

Kí n tó kọ iye kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń bi í pé: kí lẹ fẹ́ fi iye náà ṣe? Ẹ̀rọ kan náà lè ní iye mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Bí báńkì bá gbẹ́sẹ̀ lé e, tó fẹ́ tà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, owó gbàǹjo ni. Bí ẹ bá ní oṣù mẹ́fà láti fi wá oníbàárà, owó náà á gòkè. Tiyín yàtọ̀ sí méjèèjì, torí ẹ̀rọ náà ò kúrò níbi tó wà. Iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa jẹ èrè rẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, iye rẹ̀ níbi tó dúró sí, tó ń ṣiṣẹ́, ni kí ẹ lò. Owó kíréènì tó gbé e wọlé, kọ́ńkéréètì tí wọ́n dà sábẹ́ rẹ̀ àti wáyà iná tí wọ́n fà dé ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú iye yẹn. Èyí gbe ọ̀rẹ́ yín, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló lè gbe ẹ̀yin.

Bí mo bá dé ìdí ẹ̀rọ, pátákó irin kékeré tí wọ́n fín nọ́ńbà sí ni mo kọ́kọ́ ń wá, torí nọ́ńbà yẹn la fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó tà á fún yín lè ti bu ọdún díẹ̀ kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òǹkà tó ń ka iye bébà tó ti gba inú rẹ̀ kọjá. Òǹkà ṣeé pààrọ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbà á gbọ́ láìwo gírípà, àwọn èékánná irin tó ń di etí bébà mú. Bí òǹkà bá ní bébà tó kọjá kò tó nǹkan, tí ẹnu gírípà sì ti jẹ, tó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí, mo mọ èyí tí mo máa gbà gbọ́ nínú méjèèjì.

Ní ilé ìtẹ̀wé kan tí mo lọ, wọ́n ti kun ẹ̀rọ lọ́dà tuntun, ó rí bí ẹni pé àná ló dé. Mo ní kí wọ́n fi àwọ̀ kan ṣoṣo kún ojú bébà látòkè délẹ̀, kí wọ́n tẹ ogún. Mo tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lápá ọ̀tún gbogbo wọn, lójú kan náà, ibì kan wà tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ tí íǹkì ò ti mú dáadáa. A pa iná, wọ́n tú bílánkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé íǹkì sórí bébà, mo fi ìka ra sílíńdà, irin roboto tó wà lábẹ́ rẹ̀: ó ti tẹ̀ wọnú. Bébà tó ká pọ̀ ló ti gba ibẹ̀ kọjá nígbà kan, wọ́n wá ń fi bébà pélébé tẹ́ abẹ́ bílánkẹ́ẹ̀tì kó má baà hàn. Ẹni tó ń tẹ ìwé résíìtì lè fara dà á. Ẹni tó ń tẹ páálí oògùn ò ní gbà á láéláé. Ojú ibẹ̀ kékeré yẹn já owó ńlá kúrò lára ẹ̀rọ náà, kò sì sí résíìtì tó lè sọ ọ́.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ aláwọ̀ méjì ni tiyín, ó tún yẹ ká wò ó bóyá àwọ̀ kejì ń bọ́ sórí àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá sáré, torí púpọ̀ wọn ń ṣe dáadáa bí wọ́n bá rọra ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó ṣàpẹẹrẹ, ẹ má sì gbé àpẹẹrẹ yìí lọ bá ọ̀rẹ́ yín bí ẹni pé ìdájọ́ ni. Ká ní irú GTO yín, tòkunbọ̀, tí ara rẹ̀ le ju tiyín lọ, á jẹ mílíọ̀nù 24 pẹ̀lú owó kọ́sítọ́ọ̀mù ní Àpápá, owó ìgbéwọlé àti owó tí wọ́n fi máa tò ó. Ká ní iṣẹ́ tí tiyín ti ṣe jù ú lọ mú ìdá márùn-ún owó náà lọ: ó ku mílíọ̀nù 19.2. Ká ní rólà àti ẹ̀ka omi rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe mílíọ̀nù 2.4: ó ku 16.8. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 8.4. Àwọn kan á tún fẹ́ yọ owó nítorí pé ayé ti kúrò ní aláwọ̀ méjì. Ẹ má gbà. Gbogbo GTO aláwọ̀ méjì, tòkunbọ̀, tó wà lọ́jà ló ti ní àbùkù yẹn nínú iye rẹ̀, ẹni tó bá tún yọ ọ́ ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 4.2 yẹn náà lẹ kọ sínú ìwé adójútòfò, ẹ lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ̀rọ bá tọ́ sí 16.8, ìdá mẹ́rin rẹ̀ péré lẹ dójútòfò. Bí iná bá ṣe é ní jàǹbá mílíọ̀nù 5, ìwé adójútòfò tó ní gbólóhùn ìpín-bó-ṣe-tó, ìyẹn pé ìwọ̀n tí ẹ dójútòfò ni wọ́n máa san lára àdánù, yóò san ìdá mẹ́rin fún yín, ìyẹn mílíọ̀nù 1.25. Ẹ̀yin lẹ máa wá ìyókù.

Ẹni tí ẹ máa pè gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tí òfin 1975 dá sílẹ̀ fún àwa tó ń díyelé ní Nàìjíríà. Ẹ bi í bóyá ẹ̀rọ ló máa ń díyelé, torí ilé àti ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ fọwọ́ sí ìwé tí ẹ fi gbà á síṣẹ́, kí ẹ jọ san owó rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé pé ẹ gba iye tó bá mú wá. Kí ẹ dá ọjọ́ tí iye náà dúró lé, torí bí náírà ṣe ń ṣe yìí, iye oṣù yìí lè má wúlò nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá wọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti fi ẹ̀rọ náà dógò rí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní National Collateral Registry, níbi tí àwọn báńkì ti ń forúkọ irú ohun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 2017. Ti àwọn oníbàárà yín ò sí nínú iye ẹ̀rọ o. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ohun tó fẹ́ gbà lórí ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ jókòó lé e.

Lọ́jọ́ tí adíyelé náà bá ń bọ̀, kí ẹni tó máa ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí igba bébà wà nílẹ̀ fún ìdánwò. Ìwé àtúnṣe tí ẹ bá ní, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí mẹkáníìkì fi báírò kọ sẹ́yìn páálí, ẹ kó o síta. Ẹ má kun ẹ̀rọ náà lọ́dà.