Práímà fún ìbọn ọ̀nà jíjìn: ẹ má tíì sáré bọ́ sí magnum

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní 6.5 Creedmoor ni ìbọn yín, pé ẹ̀ ń yìn ín dé 1,000 yáàdì, pé eré ọta tí ẹ fọwọ́ ara yín kó ń fi ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀ síra, àti pé ẹnìkan ti sọ fún yín pé práímà (ife kékeré ìdí ọta tó ń tanná ran ẹ̀tù) magnum, èyí tí iná rẹ̀ lágbára ju ti lásán lọ, ni yóò wò ó sàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Irú ìmọ̀ràn yẹn lèmi náà gbà nígbà tí mo ń yin ìbọn .308. Mo ti kó ẹ̀tù dé òpin ibi tí ìwé ìtọ́ni gbà láàyè, kò sì sí wàhálà kankan. Mo wá fi magnum rọ́pò práímà lásán, n kò sì dín ẹ̀tù kù rárá. Ọta kẹta ni mo yìn tí bóòtù (irin tó ń ti ìdí ìbọn pa) kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi gbá a kó tó dìde. Nígbà tí idẹ, ìyẹn ìkarahun ọta, bọ́ jáde, ojú práímà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti kún ihò rẹ̀ débi pé ojú kò fẹ́ẹ̀ rí ibi tó ti pààlà pẹ̀lú idẹ mọ́. Ihò bíńtín wà níbi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gún un, èéfín dúdú sì yí i ká. Gáàsì ló gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo dúpẹ́ pé awò ààbò wà lójú mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá pààrọ̀ práímà, ìbáà ṣe nọ́ńbà lọ́ọ̀tì nìkan ló yàtọ̀, ìsàlẹ̀ tí ìwé ìtọ́ni ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń padà sí, kí n tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ magnum ni láti tan ẹ̀tù tó pọ̀ tí kì í tètè jó nínú idẹ ńlá, tàbí ẹ̀tù oníhóró roboto tó ń ṣagídí, pàápàá nínú òtútù. Fún ìbọn ọ̀nà jíjìn, iná tó dọ́gba láti ọta dé ọta là ń wá, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Ìbéèrè tèmi ni pé: irú idẹ wo lẹ̀ ń lò? Oríṣi méjì ni ti Creedmoor: olójú ńlá tó ń gba práímà oní 0.210 íǹṣì, àti olójú kékeré tó ń gba 0.175. Bó bá jẹ́ olójú kékeré, magnum lè wúlò fún yín lóòótọ́. Iná práímà kékeré lè má tó nǹkan fún bí 40 gíréènì ẹ̀tù tó ń falẹ̀ jó bí òtútù bá mú. Lẹ́yìn náà, awọ práímà kò nípọn bákan náà: nínú àwọn práímà kékeré tí ilé-iṣẹ́ CCI ń ṣe, ti CCI 400 lásán jẹ́ 0.020 íǹṣì, ti CCI 450 (magnum) àti BR4 jẹ́ 0.025. Bí gáàsì Creedmoor ṣe lágbára tó, èyí tó nípọn ni kí ẹ mú, kí abẹ́rẹ́ má baà lu ú já. (Ihò tí iná ń gbà wọlé nínú idẹ Lapua olójú kékeré jẹ́ 0.059 íǹṣì, kì í ṣe 0.080 tó wọ́pọ̀. Mo ti tẹ ọ̀pá tí mo fi ń yọ práímà rí kí n tó mọ̀.) Ẹ má ṣe fi práímà ìbọn ìléwọ́ sí i, bó tilẹ̀ wọ ihò náà.

Ọta márùn-ún kò lè sọ òótọ́ fún yín. Ọta márùn-ún fún mi ní SD (òṣùwọ̀n bí eré ọta ṣe ń yàtọ̀ síra; èyí tó kéré ló dára) 4 nígbà kan, inú mi dùn, mo ra práímà náà ní ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí mo yin 20, ó di 11. Ní báyìí, 20 ni mo máa ń yìn fún práímà kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ẹ̀tù kan náà. Nínú ìbọn mi, práímà ńlá CCI 200 lásán àti BR2 tó wọ́n jù ú lọ kò yàtọ̀ síra tó ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ẹ wo bí ẹ ṣe ń fi práímà sínú ihò náà. Ó yẹ kó kan ìdí ihò, kó sì wọnú ju ojú idẹ lọ ní 0.003 sí 0.005 íǹṣì. Èyí tó bá yọrí, abẹ́rẹ́ yóò kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ tì í wọlé, ìbọn lè má dún rárá. Mo máa ń fi ìka nu ìdí ọta kọ̀ọ̀kan kí n tó kó o sínú páálí. Inú páálí tí ẹ bá práímà ni kí ẹ fi wọ́n sí títí ẹ ó fi lò wọ́n. Ẹ má dà wọ́n sínú ìgò láé, torí ọ̀kan lè tanná ran gbogbo ìyókù.

Ní 1,000 yáàdì, ẹsẹ̀ bàtà 50 yẹn lè gbé ọta kúrò ní ipò rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, torí náà mo mọ ìdí tó fi ń dùn yín. Àmọ́ ẹ̀tù tí a kò wọ̀n dọ́gba àti ọrùn idẹ tí kò di orí ọta mú bákan náà sábà máa ń fa irú rẹ̀ ju práímà lọ. Ẹ sọ irú idẹ yín fún wa, iye ìgbà tí ẹ ti yìn ín, àti irú òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ẹ̀tù, ká lè jọ wá ibi tó ti ń wá.