Ẹ pe dìsáínà kí wọ́n tó da dẹ́kìn

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ẹ ní ẹ ti rí akítẹ́ẹ̀tì tó máa ya plánì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín, àmọ́ ìyàwó yín ní kí ẹ tún gba dìsáínà inú ilé mọ́ ọn, ẹ wá ń bèèrè bóyá owó òfò ni. Kì í ṣe owó òfò, bí ẹ bá tètè pè é. Èmi pe tèmi nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

2017 ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé mi ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Akítẹ́ẹ̀tì mi mọṣẹ́, ó ní òǹtẹ̀ ARCON, àjọ tó ń forúkọ akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, plánì ò sì pẹ́ kó tó gba ìfọwọ́sí. A kọ́lé, a kan òrùlé, a rẹ́ ògiri, oníná fa wáyà tán. Ìgbà tí àwọn oní-POP, tó ń ṣe sílìn, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá dìsáínà. Ọmọ náà wọ pálọ̀, ó wòkè, ó ní, "Mọ́mì, bíìmù yìí ńkọ́?"

Bíìmù náà, kọnkéré gbọọrọ tó dábùú lókè, gba àárín pálọ̀ kọjá, ó fi ẹsẹ̀ bàtà 1 yọ sísàlẹ̀ dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó wà nínú plánì o, ìlà wínníwínní méjì ni wọ́n fi yà á, mi ò kà á sí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni láti ilẹ̀ dé abẹ́ dẹ́kìn. Kí POP tó lè bo bíìmù mọ́lẹ̀, ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ló bá ku ẹsẹ̀ bàtà 8 àtààbọ̀. Ẹ wá gbé fáànù kọ́ ọ. Ọkọ mi ga, bó bá fẹ́ bọ́ agbádá ní pálọ̀, gbogbo ilé á pariwo "fáànù!"

Ti yàrá wa ló dùn mí jù. Lójú akítẹ́ẹ̀tì, ògiri òsì ni bẹ́ẹ̀dì máa wà, ibẹ̀ ni oníná sì gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí. Dìsáínà ní eésì á máa fẹ́ sí wa lórí níbẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí ọ̀tún, ó kan wọ́dúróòbù mọ́ òsì. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ògiri tí a ti rẹ́, tí a ti dán, ni wọ́n tún gbẹ́ kí wáyà tó lè dé ọ̀tún. Kí ọ̀kan nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ má bàa ṣòfò, káfíńtà lu ihò sẹ́yìn wọ́dúróòbù. Títí dòní, àárín aṣọ òkè mi ni mò ń na ọwọ́ gbà kí n tó lè ki áyọ́ọ̀nù bọná.

Mo pe akítẹ́ẹ̀tì, ó ní kò sẹ́ni tó bi òun. Mo bi dìsáínà, ó ní ọjọ́ tí wọ́n pe òun lòun dé. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Akítẹ́ẹ̀tì ló ni ògiri, àtẹ̀gùn, fèrèsé, òrùlé, ọ̀nà tí òòrùn àti atẹ́gùn ń gbà wọlé, àti òǹtẹ̀ tí ìjọba máa bèèrè. Dìsáínà ò lè bá yín fi òǹtẹ̀ yẹn lé plánì. Òun ló ń ro bí ẹ ṣe máa gbé inú ilé náà, ibi tí ẹ máa kó ìkòkò sí, ibi tí ọwọ́ yín máa wá súìṣì lóru. Sílìn, iná àti kíṣìnì ni wọ́n ti máa ń fa ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ẹni tó ni ìkọ̀ọ̀kan sínú àdéhùn. Bí dìsáínà bá sì ní kí ẹ wó ògiri kan, kí bíríkìlà má gbé òòlù títí ẹnjiníà tó ṣírò irin ilé yín á fi wò ó.

Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ kọ́ tirẹ̀, mo ní kó san owó yíyà àwòrán nìkan fún dìsáínà ná, kí ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì àti àga ṣì dúró. (Ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń jèrè lórí ọjà tó bá bá yín rà. Kò burú, ẹ ṣáà mọ̀.) Akítẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti dìsáínà jókòó sídìí tábìlì mi, plánì wà láàárín. Dìsáínà ti gé páálí pẹ́pẹ̀pẹ́ bíi bẹ́ẹ̀dì, bíi fìríìjì, bíi àga, ní ìwọ̀n plánì gẹ́lẹ́, ó ń tì wọ́n kiri. Lójú mi báyìí, fèrèsé kan sún, ilẹ̀kùn kan yí ìhà tó ń ṣí sí padà, sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án kúrò níbi tí wọ́n wà. Pẹ́ńsù àti ìrésà ni wọ́n fi ṣe é. Ìrẹsì àti pọ̀nmọ́ tí mo sè fún wọn ni gbogbo ìnáwó ọjọ́ náà.

Bó bá jẹ́ ilé ilẹ̀ oníyàrá méjì lẹ fẹ́ kọ́, tí owó sì há, ẹ ní kí akítẹ́ẹ̀tì ya bẹ́ẹ̀dì àti àga sínú plánì, ìyẹn ti tó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tiyín. Orí pátákó dẹ́kìn, láàárín irin, ni wọ́n ń to páìpù iná sílìn ìsàlẹ̀ sí kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Tí ẹ bá ti rí dìsáínà, ọjọ́ tí ẹ máa da dẹ́kìn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un.